Ogun Kírìjì: Ta Ni Ó Lè Pe Ọmọ Ogun Padà?



Ní ọjọ́ kan tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìtàn ogun Kírìjì, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì na ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, "Olùkọ́, ta ni ó ń san owó oṣù fún àwọn ọmọ ogun náà?" Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sí ẹ̀rín. Díẹ̀ ni ó kù kí èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó wò, mo rí i pé ọmọ náà ti fi ọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀ràn náà ju bí èmi tí mo di ìwé mú ti fi kàn án lọ. Mo ti kọ́ wọn ní orúkọ àwọn akọni. Mo ti kọ́ wọn ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí. Ohun tí n kò kọ́ wọn ni ìdí rẹ̀ tí ogun kan fi jà láti ọdún 1877 títí di 1893, ọdún 16 gbáko, nígbà tí ó ti sú ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jà á kí ó tó dé ìdajì.

Ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà ni pé kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún wọn. Níwọ̀n bí kò sì ti sí ẹni tí ń san án, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró kí wọ́n lè lọ sí ilé. Ọ̀ràn yìí ni mo fẹ́ kí a fi ṣe ẹ̀kọ́ ní oṣù yìí.

Kí a tó dé Kírìjì, ó yẹ kí a mọ irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú lọ, àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá pàdé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, wọ́n sì sọ ibùdó ogun di ìlú. Ìlú náà kò ní ọba aládé. Oyè kì í ṣe ti ìdílé níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ogun jà, tí ó sì ní ènìyàn lẹ́yìn, ni ó ń ti oyè kékeré gòkè dé oyè ńlá. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ di odi fún ilẹ̀ Yorùbá. Òtítọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ ìyókù.

Ọmọ ogun Ìbàdàn kì í ṣe ẹni tí ìjọba kó jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ di ènìyàn pàtàkì yóò fi ara rẹ̀ sí abẹ́ olóyè kan, yóò sì máa pè é ní babaogun. Babaogun ni ó ń wá ìbọn àti ẹ̀tù fún un bí kò bá ní. Òun ni ó ń gbè é lẹ́yìn nígbà tí ọ̀ràn bá dé bá a. Ọmọ ogun náà yóò máa tẹ̀lé e lọ sí ibikíbi, wọn yóò sì jọ pín ohun tí ó bá kó bọ̀. Ẹrú àwọn olóyè wà láàrin wọn pẹ̀lú, àwọn mìíràn nínú ẹrú wọ̀nyí sì di ọ̀gá ogun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ òmìnira, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni ó bá wá, bí ó bá sì rí i pé babaogun òun jókòó sí ilé ní ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ogun, kò sí ohun tí ó dá a dúró kí ó má kó ìbọn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí owó ẹ̀tù ti ń wá. Láti etí òkun ni a ń ra ẹ̀tù. Púpọ̀ nínú owó rẹ̀ ni a ń rí lára ìgbèkùn tí a tà àti iṣẹ́ oko tí a fi ìgbèkùn ṣe. Ìgbèkùn kò sì sí níbi tí ogun kò bá sí. Olóyè tí ó bá ọdún kan dúró ní àlàáfíà wọ inú gbèsè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ènìyàn. Nítorí náà, àwọn tí a ń pè ní olórí ogun ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti ń tẹ̀lé wọn.

Ìlú tí Ìbàdàn bá ti ṣẹ́gun, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà, ajẹ́lẹ̀ ni ó ń fi síbẹ̀ láti máa gba ìsìn. Iléṣà pàápàá ṣubú ní ọdún 1870. Bí ajẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rere, ìlú a gbà á mọ́ra. Bí ó bá jẹ́ oníwọra, tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba ewúrẹ́ àti aya oníwà tútù, ta ni a ó fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn? Babaogun rẹ̀ ni Ìbàdàn ni, ẹni tí ń jẹ nínú ohun tí ó gbà.

Ọbádòkè Látòósà ni ó jẹ́ olórí Ìbàdàn ní àkókò tí à ń sọ yìí, oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni ó sì jẹ. Oyè yìí ní òfin àtijọ́ kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìtàn mọ̀. A ní Kakaǹfò gbọ́dọ̀ lọ sí ogun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, sí ibi tí Aláàfin bá rán an. Láàrin oṣù mẹ́ta ni yóò sì padà wá sí ilé, ní aṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ bọ̀. Àwọn tí ó ṣe òfin yìí ní ọgbọ́n. Wọ́n fi ìdà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n fi àṣẹ ibi tí ìdà náà yóò bá lé lọ́wọ́, wọ́n sì fi ààlà sí ìgbà rẹ̀. Ní ìgbà Látòósà, Aláàfin ṣì ń fi oyè náà jẹni, ṣùgbọ́n àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, àwọn kan wà tí ì bá dá a dúró. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó ní ọ̀pọ̀ ẹrú ní oko, wà lára àwọn tí ọrọ̀ wọn ń gbé ogun ró. Ní 1874 Ààrẹ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, a sì pa á. Lára ẹ̀sùn tí a kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò tẹ̀lé Ààrẹ lọ sí ogun. Nígbà tí ó di 1877, tí Ààrẹ fẹ́ bá Ẹ̀gbá jà nítorí ọ̀nà etí òkun tí wọ́n ń dí, ohùn àwọn olóyè kò ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn náà. Ní ọdún náà gan-an ni a mú kí Àìjẹnkú, àgbà olóyè, àti Ìyápọ̀ tí í ṣe Sèríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, pàdánù ẹ̀mí wọn. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà wà ní ọjà Ìbàdàn ní 1877. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú wọn ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó la ẹnu rẹ̀.

Ní 1878 Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí gbé idà sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn àti àwọn ènìyàn rẹ̀, iná náà sì ràn káàkiri. Ìlú kan lẹ́yìn èkejì ni ó dìde sí ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀. Ìlọrin náà dìde pẹ̀lú wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù November ọdún náà, Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Àjàyí Ògbórí-ẹ̀fọ̀n, pàdé wọn ní ẹ̀bá Ìkìrun, ó sì ṣẹ́gun wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sá bọ́ sínú odò Ọ̀tìn tí wọ́n sì kú síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Ká ní Látòósà fi èyí tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, bóyá à bá ti pe àpérò. Ṣùgbọ́n Balógun ni ó gba ògo Jálumi, kì í ṣe Ààrẹ. Kò pẹ́ tí Balógun náà kú, ní 1879 Ààrẹ tìkára rẹ̀ sì gbéra lọ sí ilẹ̀ Èkìtì. Ní tèmi, mo gbà pé ìlara wà nínú ìrìn-àjò náà.

Àwọn tí ó ń lọ pàdé kì í ṣe àwọn tí a tú ká ní Ìkìrun mọ́. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó ti kó ara wọn jọ lábẹ́ orúkọ kan, Èkìtìparapọ̀. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa, nítorí ohun tuntun ni. Àwọn ìlú wọ̀nyí kò ní ọba kan ṣoṣo rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bá ara wọn jà. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ wá, pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Kò sí owó oṣù fún àwọn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wá gbà yàtọ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ kúrò ní ilé wọn. Olórí ogun tí wọ́n pè ni Ògèdèngbé ará Iléṣà, tí wọ́n ń pè ní Sèríkí. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí ó tó gbà. Ọkùnrin yìí ti gbé Ìbàdàn rí, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ọgbọ́n ogun. Nítorí náà nígbà tí Ìbàdàn bá a wọ ìjà, ọgbọ́n ara rẹ̀ ni ó bá pàdé.

Ìgbájọ ni Ìbàdàn fi ẹ̀yìn tì, Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà lẹ́yìn Èkìtìparapọ̀. Odò kékeré kan ń ṣàn láàrin wọn tí a ń pè ní Fẹ̀jẹ̀bọ́jú. N kò ní láti túmọ̀ orúkọ náà.

Ní ìhín yìí ni Èkó wọ inú ọ̀ràn náà. Ní Èkó ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kan ń gbé tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí, tàbí tí a bí fún àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú. Àwọn kan ti Sàró bọ̀, àwọn mìíràn sì ti Bàràsílì bọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́ àti oníṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ kan náà, Èkìtìparapọ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n ra ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì, irú èyí tí a ń pè ní Snider, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Àwọn kan nínú wọn fi ìtura Èkó sílẹ̀ gòkè lọ sí ibùdó láti kọ́ àwọn ará ilé bí a ti ń yìn ín. Ìró àwọn ìbọn tuntun wọ̀nyí láàrin òkè ni a ní ó ń dún ní kí-rì-jì, láti ibẹ̀ ni ogun náà sì ti rí orúkọ rẹ̀. Ìbàdàn tí ó gbé ìbọn ṣakabùlà wá kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, bí ó tilẹ̀ rí díẹ̀ nínú ìbọn tuntun náà rà nígbà tí ó yá.

Ọ̀ràn àwọn ará Èkó wọ̀nyí máa ń da ọkàn mi láàmú. Ẹni tí a jí gbé ní ìgbà èwe, tí a tà, tí a sì dá sílẹ̀, tí ó gbọ́ pé a tún ń kó àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ lẹ́rú: ta ni yóò bá a wí bí ó bá fi owó ìṣòwò rẹ̀ ra ìbọn? Síbẹ̀, ìbọn náà ń pa ènìyàn tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní Ìbàdàn, tí òun náà kò rí owó oṣù gbà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí siwájú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, ìdáhùn wa kò sì ṣọ̀kan.

Ọdún ń gorí ọdún. Ibùdó di ìlú. A kọ́ ilé, a ná ọjà, a bí ọmọ síbẹ̀. Ìbàdàn ń jà ní ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: pẹ̀lú Ẹ̀gbá, pẹ̀lú Ìjẹ̀bú, pẹ̀lú Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà, pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú Ifẹ̀. Ààrẹ kò lè padà sí ilé láìṣẹ́gun, nítorí oyè rẹ̀. Èkìtìparapọ̀ kò lè padà sí ilé kí ajẹ́lẹ̀ má baà tẹ̀lé wọn. Àwọn ọba ńkọ́? Owá wà, Ọ̀rẹ̀ wà, Ajerò wà, ọlá wọn sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọba tí kò bọ́ ọmọ ogun kò lè pàṣẹ fún un. Aláàfin Adéyẹmí kìn-ín-ní rán ìwé sí Gómìnà ní Èkó ní 1881, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá là wọ́n. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ díákónì ní Ìbàdàn nígbà náà, ni ó gbé ìwé náà lọ. Ìjọba Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ fi ọwọ́ sí i. Ní 1884 Àlùfáà J. B. Wood gòkè lọ sí ibùdó méjèèjì láti bẹ̀ wọ́n, ó sì padà ní ọwọ́ òfo. Ní 1885 Látòósà kú sí ibùdó. Òfin Kakaǹfò ṣẹ sí i lára. Kìkì pé oṣù mẹ́ta ti di ọdún bíi mẹ́fà. Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ́kún gba ipò rẹ̀ níwájú ogun.

Ní 1886 Gómìnà Moloney rí àyè láti dá sí i. Ẹni méjì tí ó rán jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí àti òṣìṣẹ́ ìjọ wa: Johnson lọ sọ́dọ̀ Aláàfin àti Ìbàdàn, Àlùfáà Charles Phillips tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Òǹdó sì lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì ní oyè ogun. Mo rò pé ohun tí ó jẹ́ kí a gbọ́ tiwọn ni pé ẹni tí ó bá dáwọ́ ìjà dúró nítorí wọn kò tẹríba fún ọ̀tá rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún onílàjà ni. Olórí ogun lè sọ èyí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ojú má tì í. Ìbọn dákẹ́. Àwọn ikọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó, a sì kọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù June 1886. Ìlú Èkìtìparapọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀. Òtan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ yóò jẹ́ ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ará ìlú náà lè kó jáde. Àwọn ará Modákẹ́kẹ́ yóò kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀. Ní oṣù September, àwọn ìjòyè ìjọba Èkó gòkè lọ, a tú ibùdó méjèèjì, a sì sun wọ́n ní iná.

Bí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ bá parí ìtàn níhìn-ín, kí olùkọ́ má ṣe parí rẹ̀. Modákẹ́kẹ́ kò kó. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn náà. Ọ̀fà ṣubú sí i lọ́wọ́ ní 1887. Ìbàdàn dúró ní Ìkìrun láti ṣọ́ Ìlọrin, Ògèdèngbé náà kò sì tú ogun rẹ̀ ká láti ṣọ́ Ìbàdàn. Ọdún méje ni wọ́n tún fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ń jẹ nínú oko àwọn ìlú tí wọ́n wá dáàbò bò.

Ẹni tí ó pè wọ́n padà nígbẹ̀yìn ni Gómìnà Carter. Ní 1892 ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti fọ́ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, gbogbo ilẹ̀ sì ti gbọ́ ohun tí ìbọn Maxim ṣe níbẹ̀. Nígbà tí ó wá gòkè ní 1893, ibùdó tú. Baálẹ̀ Fíjàbí fi ọwọ́ sí ìwé fún Ìbàdàn ní oṣù August ọdún náà, Captain Bower sì wá jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba. Ní 1894 Bower mú Ògèdèngbé. Nígbà tí a ti dá a sílẹ̀ ni ó jẹ oyè Ọbańlá Iléṣà ní 1898, ó sì kú ní 1910.

Ìmọ̀ràn kan fún olùkọ́ tí yóò ka ìwé ìtàn tí Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Kò sí ìwé mìíràn tí ó mọ ogun yìí tó o. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹni tí ó kọ ọ́, ní Ìbàdàn ni ó sì gbé; kí olùkọ́ tí ó wà ní Iléṣà tàbí ní Ìjerò bi àwọn àgbà ìlú rẹ̀ léèrè pẹ̀lú, kí ó sì fi àkọsílẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Nígbà tí ó ń parí ìwé náà lọ, Ọ̀yọ́ ni Johnson ti ń ṣe àlùfáà. Ó wà ní ẹnu iṣẹ́ yìí nígbà tí Bower, ní oṣù November 1895, dojú ìbọn ńlá kọ ìlú náà, tí ó sì sun ilé ní ààfin Adéyẹmí, Aláàfin kan náà tí ó kọ ìwé sí Èkó ní 1881 pé kí wọ́n wá bá òun pe àwọn ọmọ ogun padà.